Àkámọ́, Ìdá àti Ààlà: Ìtàn Ẹ̀kọ́ Áljẹ́bírà ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Ìfáárà

Ọjà kan wà láàrin Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Bọ́ńdìrì. Orúkọ yìí kì í ṣe àdàpè lásán, nítorí pé ààlà gidi ni ó wà ní sàkáání ibẹ̀ nígbà kan rí. Nígbà tí wọ́n yọ ìlú Èkó kúrò lára Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1954, Àpápá bọ́ sí abẹ́ ìjọba àpapọ̀, Ajégúnlẹ̀ sì wà ní abẹ́ ìjọba tí ó fi Ìbàdàn ṣe ibùjókòó. Títì kan ṣoṣo ni ó pààlà sáàrin ìjọba méjèèjì. Ìgbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 1967 ni wọ́n tó tún jọ wà lábẹ́ àṣẹ kan náà.

Ọ̀rọ̀ ààlà yìí kan ilé-ìwé gbọ̀ngbọ̀n. Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1957 ni ti agbègbè olú-ìlú Èkó tó bẹ̀rẹ̀. Fún odidi ọdún méjì, nígbà náà, ọmọ mẹ̀kúnnù tí ó ń gbé ní Ajégúnlẹ̀ ní àǹfààní tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Àpápá kò ní. Ẹni tí ó bá mọ bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ àdúgbò méjèèjì lónìí, tí wọ́n ń ka Àpápá sí ibùgbé olówó tí wọ́n sì ń ka Ajégúnlẹ̀ sí ibùgbé tálákà, yóò rí i pé ìtàn kò fi ìgbà gbogbo tẹ̀ síbi kan náà.

Ṣùgbọ́n ààlà mìíràn wà tí ó le ju ti ìjọba lọ, òun sì ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955 àti 1957 parí sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ibi tí ìṣirò olónkà lásán parí sí. Áljẹ́bírà, níbi tí lẹ́tà ti ń dúró fún nọ́ńbà, tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fọ́ gbólóhùn ìṣirò sí àkámọ́ méjì tí ó ń lọ́po ara wọn, tí ó sì ti ń ṣe ìdá tí a kò mọ iye ìsàlẹ̀ rẹ̀, wà lódì kejì, ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tí òbí ń sanwó fún. Bí ẹ̀kọ́ yìí ṣe kọjá ààlà náà dé ọ̀dọ̀ ọmọ òṣìṣẹ́ èbúté, àti ohun tí ó gbé sọnù lójú ọ̀nà, ni ìtàn tí ó wà nílẹ̀.

Ohun tí ó wà nílẹ̀ kí ilé-ìwé tó dé

Inú èdè Lárúbáwá ni orúkọ áljẹ́bírà ti wá. Muhammad ibn Musa al-Khwarizmi, ọ̀mọ̀wé kan ní Bàgídáàdì, kọ ìwé kan ní nǹkan bí ọdún 820 tí ọ̀rọ̀ náà al-jabr wà nínú àkọlé rẹ̀. Ìtumọ̀ al-jabr ni dídá ohun tí ó ti kúrò ní ipò rẹ̀ padà sí ipò. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n ń lò fún títo eegun tí ó ṣẹ́. Nípa bẹ́ẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kó ohun tí wọ́n yọ kúrò ní apá kan lọ sí apá kejì, iṣẹ́ àwọn tó ń to eegun ni ó ń ṣe. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà náà kò ṣàìmọ̀ nípa ẹ̀kọ́ èdè Lárúbáwá yìí: Muhammad ibn Muhammad, ọmọ Kàtsínà tí ó kú sí Káírò ní ọdún 1741, kọ ìwé lórí àtẹ nọ́ńbà tí àròpọ̀ rẹ̀ dọ́gba ní òró àti ní ìbú.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ètò òǹkà gan-an ni ó yẹ kí olùkọ́ kọ́kọ́ wò. Ajíhìnrere ìjọ C.M.S. kan tí ó jẹ́ ọmọ Jámánì, Adolphus Mann, kọ̀wé lórí rẹ̀ ní ọdún 1887. Ó ṣàlàyé bí àwọn tó ń ka owó ẹyọ ṣe ń fa márùn-ún-márùn-ún jáde láti inú òkìtì, tí wọ́n ń sọ ọ́ di ogún-ogún, tí wọ́n sì ń kó ogún jọ di igba. Ogún ni òpó ilé; ìyọkúrò sì ni igi àjà. Àádọ́ta jẹ́ ogún mẹ́ta dín mẹ́wàá, àádọ́rin jẹ́ ogún mẹ́rin dín mẹ́wàá, àádọ́rùn-ún jẹ́ ogún márùn-ún dín mẹ́wàá, àádọ́fà jẹ́ ogún mẹ́fà dín mẹ́wàá. Bí olùkọ́ bá fi lẹ́tà n rọ́pò mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún àti mẹ́fà, gbogbo wọn di gbólóhùn kan ṣoṣo: 20n − 10. Bí ó bá tún wo ohun tí ó wọ́pọ̀ láàrin ogún àti mẹ́wàá, yóò kọ ọ́ báyìí: 10(2n − 1). Àkámọ́ náà ń sọ fún ọmọ pé gbogbo nọ́ńbà tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «àádọ́» jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá nọ́ńbà tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gbadọ́gba: márùn-ún, méje, mẹ́sàn-án, mọ́kànlá. Èyí ni fífọ́ gbólóhùn sí ìlọ́po, ọmọ sì ti ń pe orúkọ rẹ̀ kí ó tó mọ̀ ọ́n kọ.

Àpẹẹrẹ kejì tilẹ̀ tún hàn ketekete ju èyí lọ. Ìwé ìṣirò gbogbo ni ó ń kọ́ni pé a² − b² jẹ́ (a − b)(a + b), ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì ń há a sórí bí ẹni há ọfọ̀. Kí olùkọ́ bi ọmọ pé kí ó sọ ọ̀kàndínlógún di ìlọ́po ọ̀kànlélógún. Èsì rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 399, nọ́ńbà tí kò fi ibi tí ó ti wá han ẹnikẹ́ni. Ní Yorùbá, irinwó dín kan ni. Ogún lọ́nà ogún ni irinwó. Ọ̀kan lọ́nà ọ̀kan ni ohun tí ó dín. Ẹ̀tàdínlógún lọ́nà ẹ̀tàlélógún jẹ́ irinwó dín mẹ́sàn-án. Méjìdínlógún lọ́nà méjìlélógún jẹ́ irinwó dín mẹ́rin. Orúkọ èsì náà ni ẹ̀rí rẹ̀.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra níhìn-ín, nítorí pé àwọn kan ti sọ àsọdùn lórí ọ̀rọ̀ báyìí. Kò sí ẹ̀rí pé àwọn baba ńlá Yorùbá ń fi àmì rọ́pò nọ́ńbà tí wọn kò mọ̀, èyí tí ó jẹ́ ọkàn áljẹ́bírà. Ohun tí ètò òǹkà fi hàn kò ju pé ìṣe tí áljẹ́bírà ń bèèrè fún, kíkó nǹkan jọ, yíyọ kúrò, kíkámọ́, kì í ṣe àjèjì sí ẹnu ọmọ Yorùbá.

Ìdá nílé ẹjọ́

Ní ti ìdá, kò sí ibi tí ó ti jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó gbóná ní Èkó ju orí ogún pínpín lọ. Ọ̀nà méjì ni Yorùbá ń gbà pín in. Nínú ìdí-igi, wọ́n á kọ́kọ́ pín ogún sí iye àwọn ìyàwó tí ó bímọ, lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan yóò tún pín èyí tí ó kàn wọ́n. Nínú orí-òjorí, iye orí àwọn ọmọ ni wọn yóò fi pín gbogbo rẹ̀.

Suberu Dawodu kú ní ọdún 1940, ó sì fi ọmọ mẹ́sàn-án tí ìyàwó mẹ́rin bí sílẹ̀. Ẹjọ́ bẹ́ sílẹ̀ lórí ogún rẹ̀. Adájọ́ àkọ́kọ́ fara mọ́ orí-òjorí pé òun ni ó bá òde òní mu. Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ti ìjọba àpapọ̀ yí i padà ní ọdún 1958 pé ìdí-igi ṣì ni àṣà, orí-òjorí kò ju ọ̀nà tí àwọn olórí ẹbí lè yàn láti fi parí ìjà. Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù sì fọwọ́ sí ìdájọ́ ti ọdún 1958 yìí ní ọdún 1962. Àwọn agbẹjọ́rò mọ ẹjọ́ náà bí ẹni mowó, àwọn olùkọ́ ìṣirò kò sì kà á sí ohun tí ó kàn wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ́ ìdá inú áljẹ́bírà ni ó wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Kí lẹ́tà k dúró fún iye ọmọ tí ìyá kan bí. Nípa ìdí-igi, ọmọ náà yóò gba ìdá kan nínú 4k; nípa orí-òjorí, yóò gba ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Ta ni ìdí-igi ṣe lóore? Ó di dandan kí akẹ́kọ̀ọ́ yọ ìdá kan kúrò nínú èkejì, kò sì lè ṣe é bí kò bá kọ́kọ́ wá ìsàlẹ̀ kan náà fún méjèèjì. Ìsàlẹ̀ náà ni 36k, èsì rẹ̀ sì ni (9 − 4k) lórí 36k. Bí k bá jẹ́ ọ̀kan, ọmọ jèrè ìdá márùn-ún nínú mẹ́rìndínlógójì. Bí ó bá jẹ́ méjì, èrè náà ti kéré di ìdá kan nínú méjìléláàádọ́rin. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, ọmọ ti pàdánù: ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógójì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ ìyá tí ó bí púpọ̀ fi ń pariwo orí-òjorí, tí àwọn ọmọ ìyá tí ó bí kan tàbí méjì fi ń di ìdí-igi mú. Ọmọ tí ó bá ti gbọ́ irú ìjà yìí nínú yàrá ilé wọn kò ní béèrè ohun tí a ń fi ìsàlẹ̀ kan náà ṣe.

Èbúté, ṣílè àti ilé-ẹ̀kọ́ girama

Ilé-ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní Èkó, èyí tí Thomas Babington Macaulay dá sílẹ̀ fún ìjọ C.M.S. ní ọdún 1859, kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, Látìn, Gíríìkì, ìṣirò olónkà àti jẹ́ọ́mẹ́tírì. Ìdánwò tí ó ń ti Lọ́ńdọ̀nù àti Kéńbírììjì wá ni ó fi ẹsẹ̀ áljẹ́bírà múlẹ̀ lẹ́yìn náà, pàápàá lẹ́yìn tí ìjọba dá King's College sílẹ̀ ní ọdún 1909. Àwọn ìwé Clement Durell láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá gbilẹ̀. Iye àwọn ọmọ tí ó ń jókòó síwájú ìwé wọ̀nyí kéré jọjọ.

Láàárín àkókò yìí ni Àpápá yí padà. Wọ́n ṣí èbúté ọkọ̀ òkun ibẹ̀ ní ọdún 1926, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ síi láàrin àwọn ọdún 1950. Àwọn tí ó wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nílò ibi tí wọn yóò sùn, Ajégúnlẹ̀ sì gbà wọ́n: Yorùbá, Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Urhobo, Ìgbò, Ẹ̀gùn, Haúsá. Orúkọ ìlú náà sọ ìdí tí wọ́n fi wá. Iṣẹ́ akọ̀wé tí ó ń ka ẹrù ní èbúté kò gba áljẹ́bírà, ṣùgbọ́n ó gba ìdá. Pọ́n-ùn kan jẹ́ ṣílè ogún, ṣílè kan jẹ́ pẹ́ńsì méjìlá. Ẹni tí ó bá ń ṣírò owó ẹrù gbọ́dọ̀ mọ̀ lọ́gán pé ṣílè méjì àti pẹ́ńsì mẹ́fà jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ pọ́n-ùn kan, pé ṣílè méje àti pẹ́ńsì mẹ́fà jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ. Ìyá tí ó ń tà ní Bọ́ńdìrì náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tí náírà àti kọ́bọ̀ dé ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1973, ìṣirò owó di ìrọ̀rùn, ilé-ẹ̀kọ́ ìdá tí ó wà ní ìgboro sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò fẹ́ kí a padà sí pẹ́ńsì. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń pàdé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ.

Ìṣirò tuntun àti ìfagilé rẹ̀

Ní ọdún 1962, àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà, Bìrìtìkó àti ilẹ̀ Áfíríkà péjọ sí Entebbe ní Ùgáńdà láti kọ ìwé ìṣirò ọ̀tun fún àwọn ọmọ Áfíríkà. Ní Nàìjíríà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ rọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà jù ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Grace Alele-Williams. Ní Yunifásítì Ṣìkágò ni wọ́n ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1963, obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò gba irú oyè bẹ́ẹ̀. Yunifásítì Èkó ni wọ́n ti ṣe èyí tí ó pọ̀ nínú iṣẹ́ wọn kí wọ́n tó di gíwá Yunifásítì Benin ní ọdún 1985. Wọ́n dágbére fáyé ní oṣù Kẹta ọdún 2022.

Ohun tí ìṣirò tuntun fẹ́ ni kí ọmọ mọ ìdí kí ó tó mọ ọ̀nà. Lójú tirẹ̀, a(b + c) = ab + ac kì í ṣe àdábọwọ́; òfin ni, òun sì ni gbogbo fífọ́ gbólóhùn sí àkámọ́ dúró lé. Èrò náà dára. Ibi tí ó ti kùnà ni pé àwọn olùkọ́ tí wọ́n gbé e lé lọ́wọ́ kò gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó tó, àwọn òbí kò sì mọ ohun tí àwọn ọmọ wọn ń kà. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1977, níbi àpérò kan ní ìlú Benin, ìjọba àpapọ̀ fagi lé e ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama. Kò lọ tán, nítorí pé sẹ́ẹ̀tì ṣì wà nínú ìwé títí di òní. Àríyànjiyàn náà kò pẹ́ rárá kí ìlẹ̀kùn tó ṣí fún ọ̀pọ̀ ọmọ.

Ìlẹ̀kùn tí ó ṣí

Ọdún 1979 ni Alhaji Lateef Jakande di gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìjọba rẹ̀ sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ dé ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó fòpin sí kí àwọn ọmọ máa pín ọjọ́ sí tàárọ̀ àti tọ̀sán, ó sì kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ́pọ̀ yanturu. Àwọn alátakò fi àwọn yàrá náà wé ilé adìẹ. Bí wọ́n ti wù kí wọ́n rí, inú irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni ọmọ atọ́jú ọkọ̀ ojú omi àti ọmọ aláàárù ní Ajégúnlẹ̀ ti kọ́kọ́ rí àkámọ́ láìsanwó. Ètò 6-3-3-4 tẹ̀lé e ní ọdún 1982, ó sì sọ áljẹ́bírà di ti gbogbo ọmọ láti ìpele girama kékeré, tí ìdá inú áljẹ́bírà sì ń dúró dè wọ́n ní girama àgbà. Ààlà àtijọ́ wó lulẹ̀. Ẹni tí ó bá dé ọgbà Tolu, níbi tí ilé-ìwé ìjọba púpọ̀ ti ń gbé pọ̀ nínú ọgbà kan, yóò rí bí àwọn tí ó kọjá ṣe pọ̀ tó.

Pípọ̀ tí wọ́n pọ̀ ni ó mú kí àṣìṣe kan gbilẹ̀. Fún akẹ́kọ̀ọ́ ní (x + 6) lórí 6, yóò fi kálámù gé 6 òkè àti 6 ìsàlẹ̀, yóò sì kọ x sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ «gé» ni ó ṣì í lọ́nà. Bí olùkọ́ bá sọ fún un pé ènìyàn mẹ́fà fẹ́ pín ọsàn, pé ọsàn kan wà nínú apẹ̀rẹ̀ tí a kò mọ iye rẹ̀, mẹ́fà sì wà lórí àtẹ, yóò mọ̀ kíá pé ẹnì kọ̀ọ̀kan máa gba ọ̀kan láti orí àtẹ, ṣùgbọ́n apẹ̀rẹ̀ náà ṣì wà tí wọn kò tíì pín. Bákan náà, (x² − 9) lórí (x − 3) kò ṣeé gé bí iṣu. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ́ òkè sí (x − 3)(x + 3), kí pínpín tó lè kan odidi òkè lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n sì rántí pé x kò gbọdọ̀ jẹ́ mẹ́ta, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè pín nǹkan fún òfo. Àwọn olórí olùyẹ̀wò WAEC ti ń tọ́ka sí i lọ́pọ̀ ìgbà pé sísọ ọ̀rọ̀ di gbólóhùn ìṣirò jẹ́ ìṣòro fún àwọn tí ń ṣèdánwò. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n wí. Èdè ni ìdí rẹ̀.

Èdè wo?

Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà níbi tí wọ́n ti ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ àyàfi Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò pẹ̀lú. Àbájáde rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ìwé kẹfà ni ó parí sí, ibi kan náà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955 parí sí. Áljẹ́bírà kò dé inú rẹ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ lẹ́yìn náà wà fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni; olùkọ́ ìṣirò kò ní irú rẹ̀ fún iṣẹ́ tirẹ̀ ní girama.

Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022 pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ó fagi lé e, ó sì dá Gẹ̀ẹ́sì padà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè bínú sí ìfagilé yìí, wọ́n sì jàre. Síbẹ̀, Ajégúnlẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí rọrùn tó bí ó ṣe rí ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti ṣe ètò Ifẹ̀. Nínú kíláàsì kan ṣoṣo ní ìlú náà, ọmọ Ìjọ̀ lè jókòó ti ọmọ Ẹ̀gùn, kí ọmọ Ìgbò wà níwájú wọn. Èdè Píjìn ni wọ́n fi ń bá ara wọn ṣeré, Yorùbá ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń nájà, Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò. Olùkọ́ tí ó gbọ́n kì í yan ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó lè fi Píjìn sọ ìtàn ọsàn inú apẹ̀rẹ̀, kí ó fi Yorùbá béèrè iye tí ọ̀kàndínlógún lọ́nà ọ̀kànlélógún jẹ́, kí ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sójú pátákó. Ọmọ Ìjọ̀ tí a bí sí Ajégúnlẹ̀ mọ ohun tí «dín» túmọ̀ sí, nítorí ó ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń dúnàá-dúrà láti ìgbà tí ó ti ń rákòrò.

Ohun tí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ kan pàtó tí gbogbo ilé-ìwé fẹnu kò sí fún nọ́ńbà tí ó pín òmíràn láìṣẹ́kù. Àwọn kan ń pè é ní «fákítọ̀», àwọn mìíràn ń pè é ní «apín-in-geere», àwọn mìíràn a máa sọ gbólóhùn gígùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ṣí kúrò ní ilé-ìwé kan lọ sí òmíràn lè bá ọ̀rọ̀ mìíràn pàdé kí ó tó mọ̀ pé nǹkan kan náà ni.